Owó ilé Wuse ti kọjá agbára mi: Kubwa ni, Mararaba ni, àbí Lugbe?

ỌmọAlákétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abuja. Ọmọ Kétu ni mí, láti orílẹ̀-èdè Benin. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé ìwé aládàáni kan ní Wuse 2, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ìdílé méjì nílé wọn ní Maitama. BQ kékeré kan, ilé tó wà lẹ́yìn ilé ńlá, ni èmi àti ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń gbé ní Wuse. 800,000 naira ni mò ń san tẹ́lẹ̀. Onílé ti kọ lẹ́tà báyìí pé tí ọdún bá pé, ó di mílíọ̀nù kan àbọ̀. Mi ò bá a jà, iye tí àwọn tó kù ládùúgbò ń san nìyẹn. Àmọ́ owó oṣù tèmi ò gbéra. Naira ni mò ń gbà, séfà ni màmá mi ń ná nílé, àti ìgbà tí naira sì ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023 ni ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ ò ti tó ra nǹkan gidi mọ́.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n lọ sí Mararaba, òmíràn ní Kubwa, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Lugbe ló dáa jù. Mo ti lọ wo ilé kan ní Lugbe. Bí éjẹ́ǹtì ṣe gbọ́ pé ará Benin ni mí, ló bá ní owó ọdún méjì ni màá san lẹ́ẹ̀kan náà, pé onílé ò fẹ́ àjèjì tó lè kẹ́rù sá lóru. Àjèjì! Yorùbá ni èmi àtòun jọ ń sọ látàárọ̀!

Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú kọmíṣọ́ọ̀nù àti àgírímẹ́ǹtì, ò ju 900,000 lọ. Mi ò ní mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n forí lé?

BàbáKàbà_Mararaba
Káàbọ̀, ọmọ mi. Mararaba ni kí o máa bọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ibí, mi ò sì rí ìdí tí màá fi kó lọ síbòmíràn. Self-con (yàrá kan tó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀) tó mọ́ tónítóní wà ní 400,000, tí o bá sì wọnú lọ díẹ̀, wàá rí ti 350,000. Owó tó o fi ń gbé BQ yẹn, ilé oníyàrá méjì ni wàá fi gbà níbí. Oúnjẹ ńkọ́? Ọjà Ọsàn nìyí lẹ́bàá ilé wa. Èso tí ẹ̀ ń rà ní Wuse, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti gba ibí kọjá kí ẹ tó rí i, kí wọ́n tó wá gbówó lé e. Yorùbá pọ̀, Ìgbò pọ̀, Tiv pọ̀, Eggon pọ̀. Yàtọ̀ sí àwọn Gbagyi tó nilẹ̀, àlejò ni gbogbo wa, kò sẹ́ni tó máa fimú fín ọ pé níbo lo ti wá.

Ọ̀nà nìkan ni ìyọnu, mi ò ní tàn ọ́. Tí o bá fẹ́ dé Wuse kí agogo ilé ìwé tó lù, aago márùn-ún ìdájí ni kí o ti wà lójú títì. Láti Nyanya dé Kugbo, ńṣe ni ọkọ̀ máa ń rá. Tó bá tún di ìrọ̀lẹ́, láti AYA, oríta tó wà ní Asokoro, ni ìyọnu àbọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Kubwa
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ṣáà gbọ́ pé ó ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Aago márùn-ún ìdájí, ta ni yóò gbé ọmọ yẹn fún? Àbí yóò máa sùn lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́?

Àbúrò mi, kí o tó béèrè iye owó ilé kankan, kọ́kọ́ wo ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀ nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ. Wuse 2 lo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ Kubwa, Berger ló ń já èrò sí, òmíràn máa ń gba Banex. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wàá wọ̀. Ẹni tó bá ti Mararaba bọ̀, AYA ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí, yóò tún wá òmíràn wọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò mọ́ ọn nìyẹn.

Kubwa náà ò rí bákan náà o. Phase 4 àti etí Gado Nasko ti gbówó lórí. Arab Road wà láàárín. Byazhin rọrùn, àmọ́ tó bá di oṣù kẹjọ tí òjò bá ń rọ̀ ní àrọ̀ìdá, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Tí o bá fẹ́ gbà mí gbọ́, yà sí Dutse Alhaji. Òun lo máa kàn kí o tó dé Kubwa tí o bá ti ìgboro bọ̀, owó ilé wọn sì ṣì gbọ́ràn sí èèyàn lẹ́nu.

Nígbà tí o bá dé ilé tó o fẹ́ wò, má tẹ́tí sí éjẹ́ǹtì. Ayálégbé ni kí o bi. Ṣí ẹ̀rọ omi fúnra rẹ. Tí o bá rí kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà gbogbo yàrá, mọ̀ pé bóòhóòlù tí wọ́n fi ń polówó ilé yẹn ti kú, mai ruwa ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé omi bọ́ wọn. Iná ńkọ́? Béèrè bóyá Band A ni àdúgbò náà wà. Ní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé iná Band A láti nǹkan bíi 68 naira lọ sí 225 fún yúnítì kan, wọ́n ní ogún wákàtí ni wọn yóò máa fún wọn. Ẹni tó ní fíríìjì àti ayọ́ọ̀nù nìkan ṣì lè fara dà á. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ amúlétutù wọ ibẹ̀, òun àti mítà ni wọ́n jọ máa sọ ọ́. Kí o tún wò ó bóyá mítà náà jẹ́ tìrẹ nìkan. Ilé kan wà ládùúgbò wa tí ìdílé márùn-ún ń jẹ lórí mítà kan, lálaalẹ́ ni wọ́n ń jà nípa ẹni tó tan ìgbóná omi.

Aríre_Karu
Kẹ́ẹ̀gì yẹn ló gba èmi là níjọ́sí. Ìyá Ìbejì, ẹ̀ ń ríran.

Akọ̀wéÀjèjì
Mi ò sí ní Ìmígíréṣọ̀n o, àmọ́ iṣẹ́ mi ni láti máa bá iléeṣẹ́ wa ṣe ìwé fún àwọn tó ti òkè òkun wá. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu sí ọ̀rọ̀ ìwé, torí òun ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé tí wọ́n bá ti rí ilé olówó pọ́ọ́kú.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ̀ ní 1979 gba ọmọ Benin láàyè láti wọ Nàìjíríà láìgba físà, kó sì lo aadọ́rùn-ún ọjọ́. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ ní káàdì ìgbélùú ECOWAS. Ìmígíréṣọ̀n ni wọ́n ń ṣe é, olú ilé iṣẹ́ wọn sì wà ní Sauka, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Mo rí àwọn kan tó ń bẹ̀rù pé ECOWAS ti fọ́. Mali, Burkina Faso àti Niger ló jáde ní oṣù kìíní 2025, Benin ò jáde. Ẹni tó bá ń gbé níbí lọ́nà òfin lè gba NIN pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ló wà fún.

Ìyẹn ni mo fi fẹ́ kí ẹ ro ọ̀rọ̀ Mararaba dáadáa. Èèyàn á máa pe ibẹ̀ ní Abuja lẹ́nu, àmọ́ Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni, ìjọba ìbílẹ̀ Karu. Tí ẹ bá kó lọ síbẹ̀, àdírẹ́sì yín ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, olú ìlú wọn ní Lafia sì jìnnà. Suleja náà nìyẹn, Ìpínlẹ̀ Niger ni. Dutse, Kubwa àti Lugbe ṣì wà nínú FCT, agbègbè olú ìlú.

Ní ti éjẹ́ǹtì tó bẹ̀rù pé ẹ máa sá lóru, ẹ gba lẹ́tà níléèwé yín, kí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, kó sọ pé òṣìṣẹ́ wọn ni yín àti ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà káàdì yín tì í. Onílé tó bá rí ibi tó ti lè rí yín mú tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kì í sábà wá owó ọdún méjì. Àkáǹtì onílé ni kí ẹ san owó sí, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

ỌmọAlákétu
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Káàdì mi wà, ó ṣì lágbára. NIN náà wà, òun ni mo fi so síìmù mi. Ẹ̀rù Ìpínlẹ̀ Nasarawa yẹn ò tiẹ̀ tíì kàn mí lọ́kàn rí.

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi ń lọ síléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdajì owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwa òṣìṣẹ́. A ó jọ máa lọ ni, a ó sì jọ máa bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá dárúkọ Mpape. Ó ní ẹ̀yìn Maitama ló wà, tí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ mi wà. Ṣé òótọ́ ni?

ÒkèMpape
Òótọ́ ni. A máa ń wo òrùlé Maitama láti ìlẹ̀kùn wa. Owó ilé rọrùn, ọkọ̀ ò jìnnà, ẹ kàn máa gun òkè ni. Àìdáa rẹ̀ ni pé omi ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń fọ́ òkúta ò jẹ́ kí ilé sinmi lọ́wọ́ eruku, ọ̀rọ̀ pé ìjọba fẹ́ wó ibẹ̀ sì ti di orin tí a ń gbọ́ lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ilẹ̀ mì tìtì fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn èèyàn kẹ́rù sá. Àwa tí a ò rí ibi sá lọ ṣì wà níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Kubwa
Mpape kẹ̀! Pẹ̀lú ọmọ kékeré?

ÒkèMpape
Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́, Ìyá Ìbejì? Ewúrẹ́ la bí ni?

ÌyáÌbejì_Kubwa
Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ̀rù òkè yẹn ló ń bà mí.

Éjẹ́ǹtì_Dutse
Mo ti ń ka gbogbo èébú tí ẹ ń bú wa, mo fọwọ́ lérán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé owó fún mọ̀lẹ́bí wa láti Kétu. Kọmíṣọ́ọ̀nù jẹ́ ìdá mẹ́wàá, àgírímẹ́ǹtì jẹ́ ìdá mẹ́wàá, onílé tún lè gba owó ìdúró tó máa dá padà tí ẹ bá ń kó jáde, tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́. Torí náà, nínú 900,000 yín, ilé tí owó rẹ̀ kọjá 700,000 ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín lọ wo ti 850,000 kó wá ní ẹ wá ìyókù.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ máa rí ilé pọ́ọ́kú nínú ìgboro fúnra rẹ̀: Jabi, Garki, Durumi, níbi tí abúlé àwọn Gbagyi ṣì wà láàárín ilé alájà. Ẹ wo ara ògiri kí ẹ tó wo yàrá. Tí ẹ bá rí ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ nǹkan sí i, ẹ máa bá tiyín lọ, ìjọba ti sàmì sí i fún wíwó. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pé Wuse tí owó ilé ń lé yín kúrò yìí, àwọn Gbagyi ni ìjọba kọ́kọ́ kó kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ olú ìlú. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yẹn, àwọn èèyàn ti gbà á ṣáájú yín.

Owó ìwòran tiwa jẹ́ 5,000. Ó bo gbogbo ilé tí a bá mú yín lọ wò lọ́jọ́ náà.

Aríre_Karu
Owó ìwòran! Sinimá ni?

BàbáKàbà_Mararaba
Ó kù kí wọ́n máa ta gúgúrú fún wa lẹ́nu géètì.

Éjẹ́ǹtì_Dutse
Bàbá, epo tí mò ń rà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣé ẹ rántí iye tó wà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní 2023?

ÌṣiròLugbe
Akáńtà ni mí, ẹ jẹ́ kí n bá àǹtí yìí ṣe ìṣirò kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe. Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, èló ni àwọn ará Maitama ń san fún yín, aago mélòó lẹ sì máa ń jáde níbẹ̀?

ỌmọAlákétu
Ìdílé méjèèjì jọ ń san 60,000 lóṣù. Aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni mo máa ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Ọmọ mi máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa ya àwòrán.

ÌṣiròLugbe
Ó dáa. Ká ní ilé 650,000 lẹ rí ní Dutse. Ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ 850,000 nínú mílíọ̀nù kan àbọ̀ yẹn. Ká ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 1,600 lójúmọ́, kí ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ yín. Ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún lóṣù, oṣù mẹ́wàá tí iléèwé fi ń wọlé: 352,000. Ó ku 498,000. Títí dé ibí, ẹ jèrè.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń gbé Dutse, ṣé ẹ ó máa kúrò ní Maitama ní aago méje ààbọ̀, kí ẹ wá dúró ní Berger pẹ̀lú ọmọ kékeré lálẹ́? Tí ẹ ò bá lè ṣe é, 60,000 lóṣù mẹ́wàá ti lọ: 600,000. Nígbà náà, ẹ pàdánù 102,000, ẹ tún kó lọ síbi tó jìnnà. Gbogbo ẹni tó ń sọ pé Mararaba ò wọ́n, wọn ò sọ ohun tí ìrọ̀lẹ́ yín máa di.

Èmi ò sì ní kí ẹ wá sí Lugbe o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni mò ń gbé tó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Òjò máa ń kó bá àwọn ẹ̀sìtéètì kan níbẹ̀, ẹni tí kò mọ ibi tí omi ń gbà kò gbọ́dọ̀ sáré sanwó ní ẹ̀ẹ̀rùn.

BàbáKàbà_Mararaba
Akáńtà, o sọ̀rọ̀. Mi ò ro ti ìrọ̀lẹ́ yẹn mọ́ ọn. Ọmọ mi, ṣé àwọn olówó Maitama yẹn ò lè gbà kí o máa wá ní Sátidé? Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ojúmọmọ.

ỌmọÌlọrin_Zone4
Àbí kí ẹ tiẹ̀ dúró sígboro. Ẹ bá tíṣà mìíràn pa owó pọ̀, kí ẹ gba ilé oníyàrá méjì, kí oníkálùkù mú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí àwa ṣe ń ṣe é ní Zone 4 nìyẹn.

ỌmọAlákétu
Mo ti bá àwọn méjì sọ ọ́. Ìkíní ní òun ò lè bá ọmọ kékeré gbé. Èkejì, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni kò fẹ́.

Ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn dùn mọ́ mi. Màá lọ bi wọ́n.

Aríre_Karu
Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pe Dutse bí ọ̀run rere, ṣé ẹ ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ 2024? Wọ́n jí àwọn èèyàn gbé nínú ilé wọn ní apá Bwari, ó sì kan Dutse náà.

Éjẹ́ǹtì_Dutse
A ò gbàgbé, àwa tí a ń gbé ibẹ̀ la kọ́kọ́ gbàgbé oorun. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún obìnrin tó bá ń dá gbé pé kó jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè àti àwọn ẹ̀sìtéètì tuntun tí igbó yí ká. Kó gba ilé láàárín àwọn èèyàn, lẹ́bàá títì, kódà tó bá fi 50,000 wọ́n jù. Ní ti ọkọ̀, inú gáréèjì ni kẹ́ ẹ ti máa wọlé, níbi tí wọ́n ti ń pe èrò. Mọ́tò kékeré tó bá dúró fún yín lẹ́bàá ọ̀nà tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí one-chance, àwọn olè tó ń díbọ́n bí ọkọ̀ èrò, ṣe máa ń rí nìyẹn.

ỌmọÌlọrin_Zone4
Kẹ́ ẹ sì kọ́ Hausa tí ẹ lè fi rajà. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń kíni àti bí wọ́n ṣe ń ka owó, máígádì àti mai ruwa ti di ẹni tirẹ̀. Àwọn ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ mọ̀ tí ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí bá ń yí ilé yín po.

ỌmọAlákétu
Ẹ kú àtijọ́. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Ìdílé kan ní Maitama gbà fún Sátidé, wọ́n tiẹ̀ fi owó lé e torí pé wákàtí á gùn sí i. Ìkejì kọ̀, wọ́n ní Sátidé ni ọmọ wọn ń lúwẹ̀ẹ́. Mo padà láti ibẹ̀, mo tún ìṣirò Akáńtà ṣe, mo rí i pé mo ṣì jèrè díẹ̀.

Mo ti rí ilé ní Dutse Alhaji, 650,000, ìsàlẹ̀ ilé alájà kan, kò jìnnà sí títì. Ìyá kan tó jẹ́ Núpé ló ni ín. Mo gbé lẹ́tà iléèwé àti káàdì mi síwájú wọn. Wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n wo ọmọ mi, wọ́n bi í ní Hausa pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó dáhùn! Àwọn ọmọ iléèwé ló kọ́ ọ, èmi ò mọ̀ rárá. Owó ọdún kan ni wọ́n gbà. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò méjì péré ni mo rí, ayálégbé tó wà níbẹ̀ ní epo pupa ló wà nínú wọn. Mítà jẹ́ tèmi nìkan. Mo bá éjẹ́ǹtì du owó ìwòran, ó gba 2,000.

Ìbéèrè kan ló kù: ẹrù mi ò pọ̀. Bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, ẹ̀rọ ìránṣọ, ìwé púpọ̀. Ṣé kí n wá ọkọ̀ akẹ́rù odindi ni?

Éjẹ́ǹtì_Dutse
Éjẹ́ǹtì yẹn kì í ṣe èmi o, èmi ò gba 2,000 rí.

ÌyáÌbejì_Kubwa
Àbúrò, o kú oríire. Má wá odindi ọkọ̀ akẹ́rù, owó rẹ á ṣòfò. Lọ bá àwọn tó ń kó pákó láti Dei-Dei wá sígboro. Tí wọ́n bá ti já ẹrù tán, òfìfo ni wọ́n máa ń padà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Bá wọn dúnàádúrà kí wọ́n tó mọ̀ pé tíṣà ni ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kí o kó o, títì máa ń dá. Gbé fíríìjì dúró lóòró, má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ bá sì délé, má tíì tan án. Kí ó sinmi di ìrọ̀lẹ́.

BàbáKàbà_Mararaba
Tí o bá ti palẹ̀ mọ́ tán, wá ra ọsàn lọ́dọ̀ wa.